Bí a ṣe fi kíláàsì àfarawé kọ́ àwọn olùkọ́ tuntun ní ìkáwọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Agùnbánirọ̀ mẹ́ta àti olùkọ́ tuntun méjì ni wọ́n pín sí ilé-ìwé wa ní agbègbè Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, èmi sì ni pirinsípà ní kí n mú wọn mọ iṣẹ́. Gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ni dunjú. Ohun tó ń já wọn láyà ni ọmọ 55 nínú yàrá kan ṣoṣo.

Mo ti kà nípa ètò TeachLivE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní University of Central Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí olùkọ́ ti ń dúró níwájú àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lójú ẹ̀rọ, tí ẹnì kan tó fara pamọ́ sì ń bá àwọn àwòrán náà fọhùn. A kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná wa pàápàá kò ṣeé fọkàn tẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ẹni tó fara pamọ́ yẹn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ náà, èèyàn kò sì wọ́n wa. Ẹni tó bá ṣe NCE kò ní ṣàì rántí ìdánrawò ìkọ́ni (microteaching) tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963; lọ́dọ̀ wa níbí, èèyàn a máa kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àléébù kan tí mo rí nínú èyí tí àwa ṣe ni pé àwọn ẹgbẹ́ ẹni a máa jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́ kìíní dàrú. Mo kó olùkọ́ mẹ́fà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní kí wọ́n ṣe bí ọmọ JSS 2. Olùkọ́ ìṣirò wa, àgbàlagbà ọkùnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ẹlòmíràn gun orí tábìlì. Ẹ̀rín ni a rín lọ sílé. Ẹ̀bi mi ni, nítorí n kò sọ ibi tí wọn yóò bá a dé, n kò sì sọ ohun tí yóò mú wọn dákẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo gé páálí sí ọ̀nà mẹ́fà, mo sì kọ ìwà kan ṣoṣo sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ìyá wa tó ń kọ́ni ní Yorùbá kà báyìí: "Ẹ máa bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀. Bí olùkọ́ bá pariwo mọ́ yín, ẹ ní ẹ̀yin nìkan kọ́. Bí ó bá rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láìdá ẹ̀kọ́ dúró, ẹ dákẹ́."

Agùnbánirọ̀ tó ń kọ́ kẹ́mísírì ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó kọjú sí pátákó, ó kẹ̀yìn sí wọn, ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ó yí padà, ó jágbe. "Èmi nìkan kọ́ o, sà!" ni ìyá wa dáhùn, gbogbo bẹ́ǹṣì sì bú sẹ́rìn-ín. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ sórí rúlà onígi. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní kí a padà sí ibi tó ti kẹ̀yìn sí wọn.

Jacob Kounin, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1970 pé ìbáwí lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ló ń ya olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ tòrò sọ́tọ̀, bí kò ṣe pé ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ojú òun ká gbogbo igun yàrá. Mo ti sọ èyí fún àwọn olùkọ́ tuntun náà, wọ́n sì ti mi orí, ṣùgbọ́n ìgbà kẹta tí ọmọkùnrin yìí tún un ṣe ni ó tó yé e: ó fi ẹ̀gbẹ́ kan kọ̀wé, ó rìn lọ sídìí ìyá wa, ó fi ìka kan ìwé rẹ̀, àlàyé rẹ̀ kò sì dúró. Ìyá wa dákẹ́. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun tilẹ̀ ti gbàgbé páálí, ojú ló ti òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ ní SS 1. Ọmọ kan ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì, èyí tí a kò kọ sórí páálí kankan. Agùnbánirọ̀ náà wò mí. Mo tẹjú mọ́ ìwé mi. Ó ń ṣàlàyé lọ, ó rìn dé ibẹ̀, ó na ọwọ́, ọmọ náà sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Mo ti gé páálí keje.