Bí Mo Ṣe Tẹ Ìkòkò Dàda Sórí Páálí, Tí Mo sì Fi Ọ̀dà Olóròóró Kùn Ún

Ọwọ́ ni àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, Òkèlélé, n'Ílọrin, fi ń mọ ìkòkò. Gbangba ìta ni wọ́n sì ti ń sun ún. Nítorí náà ni ara ìkòkò kan ṣoṣo fi ń pọ́n níbì kan, tó sì ń dúdú níbi tí èéfín ti bà á.

Dúdú èéfín yẹn ni mo fẹ́ gbé sórí páálí. Bí a bá fi ọ̀dà nìkan ya á, ó máa ń rọ̀ jù lójú tèmi, bí ìkòkò inú kàlẹ́ńdà. Mo wá pinnu pé fínfín àti títẹ̀ ni yóò ṣe dúdú náà, kí ọ̀dà kàn fún un ní àwọ̀ amọ̀.

Lino gan-an, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ tí wọ́n sábà máa ń fín láti fi tẹ àwòrán, wọ́n, kò sì wọ́pọ̀ lọ́jà wa n'Ílọrin. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sí yàrá, ni mo gé, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó pẹlẹbẹ. Ní ti irin ìfín, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ọnà ní sẹ́kọ́ńdìrì á ti mọ̀ ọ́n: irin agbòòrùn tó ti bà jẹ́. Ó ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Mo pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta títí ó fi mú, mo sì ki igi bọ̀ ọ́ ṣe èèkù.

Mo ya àwòrán náà sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo dojú ìwé dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì fi kábọ́ọ̀nù tọ̀ sórí rọ́bà. Apá ọ̀tún ni yóò di apá òsì bí a bá tẹ̀ ẹ́. Mo kọ DÀDA sí igun kan, bí a bá sì kọ ọ́ tààrà sórí rọ́bà, yóò jáde ní ìdàkejì.

Ibi tí a bá fín kúrò ni yóò funfun. Ibi tí a fi sílẹ̀ ló ń gba tàdáwà. Èmi ò fọwọ́ kan ibi èéfín rárá. Èjìká ìkòkò, níbi tí oòrùn ti ń tàn, ni mo ti fín ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sá rọ́bà sóòrùn díẹ̀ kó lè rọ̀, kí ọwọ́ kejì má sì sí níwájú irin láéláé.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, tí mo fi omi là, pa ojú páálí náà ní ìhà méjèèjì, mo sì jẹ́ kó gbẹ. Bí òróró bá wọnú ìwé lásán, á pọ́n, á sì máa rún bó bá yá. Tàdáwà dúdú, ilé ìtẹ̀wé ni mo ti rà á. Mo fi rólà tẹ́ ẹ sórí gíláàsì títí ó fi ń dún ṣìṣìṣì, mo yí i sórí rọ́bà, mo tẹ́ páálí lé e, mo sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á láti àárín síta. Mi ò lo ẹ̀rọ kankan.

Ẹ má ju rọ́bà náà nù o. Bruce Onobrakpeya, ọ̀gá nínú iṣẹ́ títẹ̀ tí wọ́n bí ní 1932, sọ lino tó ti lò tán di iṣẹ́ ọnà mìíràn, ó fún un ní àwọ̀ idẹ.

Nígbà tí tàdáwà gbẹ dáadáa ni mo tó mú ọ̀dà. Burnt sienna ni mo lò. Erùpẹ̀ tí wọ́n sun nínú iná ni àwọ̀ yìí wá láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ìkòkò fúnra rẹ̀, mi ò sì rí èyí tó bá a mu jù ú lọ. Ìpele àkọ́kọ́, turpentine ni mo fi là á, ó fẹ́lẹ́. Èyí tó tẹ̀lé e ni mo fi òróró linseed díẹ̀ sí. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá, atẹ́gùn ló ń gbà sára tó fi ń le. Bí èyí tó lóròóró púpọ̀ bá wà nísàlẹ̀, tòkè á ti le kí tìsàlẹ̀ tó jókòó, á sì sán. Mo fi àkísà nu ọ̀dà kúrò lórí ìlà dúdú kí iṣẹ́ irin lè hàn. Àkísà yẹn, ẹ sá a síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó o jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Àwọn tí mi ò kùn ni mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí lábẹ́, bí àwọn tó ń tẹ àwòrán ṣe ń ṣe. Àwọn tí mo kùn kò ní nọ́ńbà, torí kò sí méjì tó rí bákan náà nínú wọn.