Bí mo ṣe bá Màmá oníṣu wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ Lasix lọ́jọ́ ọjà

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín oṣù méjì tí wọ́n gbé Màmá wá sí wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Iléṣà. Ìjókòó ni wọ́n fi ń sùn, torí bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, wọn ò ní lè mí dáadáa. Ẹsẹ̀ wọn wú dé orúnkún. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún. Ọkàn wọn ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́, omi sì ti rọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Mo wọn ìfúnpá wọn, mo wo èsì pọtásíọ̀mù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí oògùn yìí lè dín kù, kí n tó fún wọn ní abẹ́rẹ́ furosemide tí gbogbo wa ń pè ní Lasix, oògùn tó ń mú kí èèyàn tọ omi tó pọ̀ jù lára jáde, mìlígíráàmù 40. Ìṣẹ́jú 10 ni mo fi tì í sínú iṣan, torí bí a bá sáré tì í, ó lè ba etí jẹ́. Kíló 68 ni wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Lọ́jọ́ kẹfà, 62.

Àmọ́ kí ló tún gbé wọn padà wá? Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn déédéé, wọ́n ní àwọn ń lò ó. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fa àga, mo ní kí wọ́n ròyìn ọjọ́ ọjà fún mi láti ìdájí. Ìgbà yẹn ni wọ́n rọra wí pé:

"Ọmọ mi, bí mo bá lo nǹkan yẹn, níbo ni n ó ti máa tọ̀ ní ọjà Atákúmọ̀sà?"

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń fò ó. Ó dùn mí gan-an, torí nígbà àkọ́kọ́, àlàyé la kàn ṣe fún wọn, a ò béèrè ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà. Láàárín wákàtí kan ni Lasix oníhóró tí wọ́n ń lò nílé ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ipá rẹ̀ á sì rọlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. A fẹnu kò sí aago márùn-ún ìdájí, kí ìtọ̀ tó pọ̀ jù ti lọ kí wọ́n tó gbéra. Bí wọ́n bá gbàgbé, kí wọ́n lò ó tí wọ́n bá dé láti ọjà, kó má ṣáà kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n má baà máa dìde lóru kí òòyì gbé wọn ṣubú.

N ò bá wọn jà lórí iyán, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Iyọ̀ àti mágí inú ọbẹ̀ ni mo bá wí, àti ibuprofen, oògùn ìrora tí wọ́n ń rà fún orúnkún, tó ń dá omi dúró sára.

Wọn ò mọ̀wé. Mo lẹ pílásítà pupa mọ́ ojú òṣùwọ̀n tí ọmọ wọn rà, níbi kíló 64. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti tọ̀ tán, kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á gùn ún. Bí ọwọ́ òṣùwọ̀n náà bá sún mọ́ pupa láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ti ń padà sára nìyẹn, kí wọ́n máa bọ̀. Mo ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi, wọ́n sì sọ ọ́ létòlétò.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé. "Nọ́ọ̀sì, ó ti fẹ́ kan pupa."