Ẹ Fi Abẹ́rẹ́ Sílẹ̀: Àṣìṣe Tó Ń Ba Akọ Ẹlẹ́dẹ̀ Jẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan pè mí láti Kétu. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ń gùn dáadáa, àmọ́ àwọn abo kò lóyún. "Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ ọkùnrin wo ni kí n rà?" Díẹ̀ ló kù kí n ju fóònù nù.

1. Akọ tí kò tíì pé oṣù méje, ẹ má fún un níṣẹ́. Lóòótọ́, ó ti ń gun nǹkan kiri láti oṣù márùn-ún. Ìyẹn kò sọ ọ́ di bàbá.

2. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó o.

3. Abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ n jókòó síbí yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ l'Àjàṣẹ́, mo ní akọ funfun kan tí oorun kì í dá lójú rẹ̀. Ẹnì kan ta ìgò testosterone, ìyẹn hómónù akọ, fún mi lọ́jà, ó ní okun ni. Mo gún ẹran náà lẹ́yìn etí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò pẹ́, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ògiri pàápàá ó fẹ́ gùn. Mo pe aládùúgbò wá wòran! Oṣù méjì ni mo fi ń gún un bẹ́ẹ̀. Abo mẹ́ta tó gùn lẹ́yìn náà, nígbà tó di ọjọ́ 21, méjì tún ti ń wá akọ, wọn kò lóyún. Ìkẹta bí mẹ́rin péré.

Dókítà ẹran ló là mí lójú. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n pé kó ṣiṣẹ́. Bí ọpọlọ bá ti rí i pé hómónù abẹ́rẹ́ kún inú ẹ̀jẹ̀, ó máa dákẹ́. Ẹpọ̀n kò ní í ṣe tirẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ inú ẹpọ̀n gan-an ni testosterone ti gbọ́dọ̀ pọ̀ jù kí àtọ̀ tó lè ní èso. Ẹran mi ń gùn, òfìfo ló ń gbé kiri. Owó oúnjẹ ni mo sì fi ra ìyà yẹn.

Àgbàdo tó ti bu ńkọ́? Ó lè ní májèlé tó ń ṣe bíi hómónù obìnrin. Ẹ dà á nù.

Ẹ má sì fi akọ gun ọmọ rẹ̀.

Yíyá akọ láti ilé dé ilé ń gbé àrùn kiri: ẹni tó bá rí ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó jà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 1997 kò nílò àlàyé mi.

Ó ku ará Kétu. Mo bi í pé irú òrùlé wo ló wà lórí ẹran. Ó ní páànù ni, orí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Kò síbòji, omi ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ooru nìyẹn! Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bíi tiwa, àtọ̀ sì ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje kó tó pọ́n. Ooru oṣù Kẹta ló ń jẹ ẹ́ níyà títí dé oṣù Karùn-ún. Mo ní kó tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ sórí páànù, kó máa da omi sí i lára lọ́sàn-án, kó fún un ní ọ̀sẹ̀ méje.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò wá sí abẹ́rẹ́ tó yá jùyẹn lọ ni?"