Ohun Wo Ni Kí A Fi Dí Ihò Ara Igi Gìtá?

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé gìtá náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń fẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ẹ wo ara igi rẹ̀. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ ha á, ló máa ń wà lára mahógánì, rosewood àti walnut. Àwọn ihò yẹn ló ń mu fáníìṣì tí ara gìtá kì í fi í dán bíi dígí. Maple kò nílò dídí. Spruce, igi tí a fi ń ṣe iwájú gìtá, náà kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀: shellac (fáníìṣì tí a fi oje kòkòrò ṣe) fẹ́lẹ́ ti tó o. Ẹ má da epoxy (gúlù olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le) sí i, torí ẹ máa fi ìwúwo kún pákó tó yẹ kó máa gbọ̀n ni. Bó bá sì jẹ́ òróró lásán lẹ fẹ́ fi parí iṣẹ́, ẹ lè fi ihò sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, epoxy tó ṣàn dáadáa ni kó lò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ po díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tó wà lára ìgò, nítorí èyí tó bá pọ̀ nínú kọ́ọ̀bù máa ń gbóná, á sì dì mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi káàdì ike fà á dábùú ìlà igi. Bẹ́ ẹ bá fà á gbọọrọ tẹ̀lé ìlà, káàdì á tún hú u jáde nínú ihò. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sáńpépà 220 tí ẹ wé mọ́ igi pẹlẹbẹ fá a. Ibi tó bá ṣì ń dán ti lọ sílẹ̀ ju ìyókù lọ. Ẹ tún un pa. Epoxy máa ń mú kí igi dúdú sí i, nítorí náà tí sáńpépà bá dé ara igi níbì kan, àmì á hàn. Ẹ fi epoxy fẹ́lẹ́ kan nu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè bára mu.

Rosewood ní òróró nínú. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú acetone (omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná) nù ún ṣáájú, ṣùgbọ́n kí aṣọ yẹn má kan etí funfun gìtá, àwọ̀ pupa rosewood kì í ṣí bọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Pumice (ìyẹ̀fun òkúta òkè ayọnáyèéfín) pẹ̀lú shellac ló wu àwọn àgbà oníṣẹ́. Pumice á ha igi, ìyẹ̀fun igi náà gan-an ló sì ń bá a dí ihò, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń bá a mu. Ó ń gba ọjọ́ púpọ̀, bí pumice bá sì pọ̀ jù, àmì funfun á kù sínú ihò. Súpà gúlù yára, àmọ́ èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ó sì ń ba spruce tí a kò tíì fi shellac pa jẹ́. Ohun ìdíhò olómi rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n ó máa ń súnkì, ẹ ó sì fi í lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun ìdíhò olóròóró ń pẹ́ kó tó gbẹ. Tí fáníìṣì bá gùn ún kó tó gbẹ tán, ihò á tún jìn lẹ́yìn oṣù mélòó kan.