Ojú Fóònù Tó Pọ́ọ́kú: Àwọn Àṣìṣe Tí Ẹ Fi Ń Sanwó Lẹ́ẹ̀mejì

Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan sí Ojúde Ọba, àjọ̀dún wa tó máa ń tẹ̀ lé Iléyá, kì í sí ibi ìjókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé fóònù àwọn ti fọ́. Ẹni tó ti ń fi ojú fóònù tó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tẹ WhatsApp láti bí oṣù mẹ́fà, ó di ìgbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀, dá aṣọ kó tó mọ̀ pé ojú máa ti òun láti yọ ọ́ síta láàárín èrò. "Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá mi pààrọ̀ ojú ẹ̀. Èló ni?" Kò tíì sọ irú fóònù tó jẹ́ o. Inú àpò ló ṣì wà.

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń tú fóònù. Ẹni tí kò lówó kì í bí mi nínú, a jọ máa wá ọgbọ́n sí i ni. Ẹni tó ń bí mi nínú ni ẹni tó lówó lọ́wọ́, tó ná an ní ìnákúnàá, tó tún wá padà bá mi pé èmi ni mo jẹ owó òun.

1. Ẹ̀ ń bèèrè iye owó bí ẹni ń bèèrè owó ọkọ̀ Ṣàgámù.

Ojú fóònù kan ò ní iye kan ṣoṣo. Lórí fóònù kan náà, èyí tí wọ́n tú lára irú rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n tún gíláàsì rẹ̀ ṣe wà, àdàkọ tó jẹ́ OLED, tó ń tan iná fúnra rẹ̀, wà, àdàkọ tó jẹ́ LCD, tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀, náà wà. Iye wọn jìnnà síra. iPhone 11, LCD ló bá wá láti ilé iṣẹ́, nítorí náà LCD tó dáa lè rọ́pò rẹ̀ láìsí ìjà. iPhone 12, OLED ni. Ẹni tó bá sọ iye kan náà fún yín lórí méjèèjì, ẹ sá.

Ẹ má sì mú iye tí mo sọ fún yín nígbà Kérésìmesì wá bá mi lásìkò Iléyá. Ṣáínà ni ọjà wa ti ń wá, àwọn tó ń kó o wọ Computer Village ní Ìkẹjà, dọ́là ni wọ́n fi rà á. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹ bá mi wá ibi tí mo fẹ́ gbé ìyàtọ̀ yẹn sí.

2. Pípààrọ̀ bátìrì tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Òkè-Ajé gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní bátìrì ti kú, kò gbé iná mọ́. Owó bátìrì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa fóònù, mo fi ìtayín rọra kan ojú ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀, ìdọ̀tí òwú àti eruku tó jáde níbẹ̀ tó láti gbin tòmátì. Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, iná wọlé. Mo ní kò sí owó kankan. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò gbowó? Ṣé ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ́ lóòótọ́?"

Ẹ yẹ ihò yẹn wò, ẹ fi ṣájà ẹlòmíì dán an wò, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ bátìrì. Lórí iPhone, ẹ wo ìlera bátìrì nínú Settings: tó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 80%, ó ti tó gbà. Apple fúnra wọn sọ pé títí dé iPhone 14, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi iná kún un pátápátá nígbà 500, ó ṣì yẹ kó mú 80%. Láti iPhone 15 lọ, wọ́n ní 1000. Láti 50 dé 100 lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ kan nìyẹn nínú òǹkà wọn. Ẹni tó ń lo iná kún kan lójúmọ́, ọdún kan àti bí oṣù mẹ́rin ni 500 yẹn. Nítorí náà, bátìrì ọdún mẹ́ta tó ń tán ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe ayé ló ń ṣe yín.

3. Ríra ojú fóònù fúnra yín, kí ẹ wá gbé e wá pé kí n kàn bá yín lẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Lọ́dún kan, ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí Ojúde Ọba, ọmọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú fóònù Samsung, irú èyí tí wọ́n ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀ kó tó ṣí. Mo sọ iye èyí tó jẹ́ OLED fún un: ₦110,000. Ó wò mí bí ẹni rí gbájúẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó padà dé pẹ̀lú ojú tuntun nínú páálí, ₦38,000 ló rà á. "Ẹ̀ńjíníà, òun náà rèé. Ẹ kàn bá mi lẹ̀ ẹ́, màá fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

Mo gbé e wò. Ó ki ju bó ṣe yẹ lọ, ilà dúdú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu bèbè. Mo ní, "Àbúrò, TFT nìyí, OLED ni tìẹ." Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún yín yìí. OLED, gbogbo ẹ̀ka ojú rẹ̀ ló ń tan iná fúnra rẹ̀, kò sí pátákó kankan lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohun tó ń ka ìka lábẹ́ rẹ̀ fi lè rí ìka yín. TFT, irú LCD kan ni, iná ló wà lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti pátákó ìpolówó. Iná yẹn ló mú kó ki, òun ló ń mu bátìrì, òun náà ló dínà mọ́ ohun tó ń ka ìka. Bí òòrùn bá tún mú, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn.

Ó ní, "Tiyín lẹ kàn fẹ́ tà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Lóòótọ́, mo ń jèrè lórí ojú fóònù. Ṣé afẹ́fẹ́ ni kí n máa jẹ ni? Ṣùgbọ́n inú bí mi, mo sì gbà láti lẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, òòrùn mú bí ẹni gbé iná sórí. Ìdílé àwọn Balógun ń gun ẹṣin kọjá, ọmọkùnrin yìí gbé fóònù sókè, kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Lọ́jọ́ kẹta ó kó ọ̀rẹ́ méjì lẹ́yìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé mo ti ba fóònù òun jẹ́. Kò tó oṣù méjì, ojú ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀: ó pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní aago méjì òru. Ìgbà yẹn ló tó wá bẹ̀ mí. Dọ́là ti gbéra, OLED ti di ₦125,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: 38,000, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tèmi, àti 125,000. ₦166,000 ló fi ra ohun tí mo fẹ́ tà fún un ní 110,000.

Ẹ sì mọ̀ pé níbòmíì, tí nǹkan bá ti jẹ́ ayédèrú, wọ́n á ní "Ìjẹ̀bú ni." Ọ̀rọ̀ owó ayédèrú ayé àtijọ́ ni. Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe ojú fóònù yẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú ló wá dúró lẹ́gbẹ́ rẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀bi rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹ bá gbé tiyín wá, màá kọ́kọ́ so ó mọ́ fóònù láìfi gọ́ọ̀mù kàn án. Ẹ fúnra yín ni ẹ máa fi ìka wọ́ àmì kan yí gbogbo ojú rẹ̀ ká, kí ẹ ṣí ojú ìwé funfun wò bóyá àbàwọ́n wà, kí ẹ pe ènìyàn kí ẹ rí i pé ojú rẹ̀ kú nígbà tí ẹ gbé e sétí, kí ẹ sì gbé e jáde sínú òòrùn. Ẹ má tíì ya ọ̀rá ojú rẹ̀ o! Tí ọ̀rá bá ti ya, ẹni tó tà á fún yín ò mọ̀ yín rí mọ́.

4. Bátìrì tó wú.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má gún un, ẹ má fi iná sí i mọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Sábo, Ṣàgámù, mo fi ọ̀bẹ irin yọ ọ̀kan nítorí pé mo fẹ́ ṣe é kíá kí ọ̀gá tó dé. Èéfín, lẹ́yìn náà iná. Mo jù ú sínú garawa yanrìn, ṣùgbọ́n irun ìpéǹpéjú mi ọ̀tún ti bá a lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi bèèrè ni, "Fóònù oníbàárà ńkọ́?" Títí mo fi gba òmìnira, Ṣàngó Sábo ni wọ́n ń pè mí. Samsung pàápàá kó Note 7 padà nílẹ̀ káàkiri ayé lọ́dún 2016 nítorí bátìrì tó ń gbiná. Ẹ̀yin wá ń ki tiyín tó ti wú sábẹ́ ìrọ̀rí.

6. Rárá, ìkarùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n fi òǹkà sílẹ̀.

Fóònù tó já sómi, ẹ má ki í bọ inú gàrí. Mo ti rí i. Gàrí Ìjẹ̀bú dáa fún omi tútù àti ẹ̀pà, ihò ṣájà ò sí níbẹ̀.

Bátìrì tí wọ́n kọ 6,000 mAh (òṣùwọ̀n bí iná tó ń gbà ṣe pọ̀ tó) sí lára, tó sì tóbi bákan náà pẹ̀lú 4,000 tó bá fóònù yín wá: yíǹkì nìkan ló lé.

iPhone láti orí XR àti XS, tí wọ́n bá fi bátìrì tí kì í ṣe ti Apple sí i, á máa kọ ìkìlọ̀ sínú Settings. Ìkìlọ̀ yẹn kọ́ ló ń pa fóònù. Ẹni tó yẹ kí ẹ fura sí ni ẹni tó fi bátìrì olówó pọ́ọ́kú sí i tó ń fi 100% hàn yín. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tá a fi ń kọ nọ́ńbà yẹn. Mo ní ọ̀kan.

Fóònù Tecno, Infinix tàbí itel tí àtìlẹ́yìn ilé iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀, Carlcare, ilé àtúnṣe tiwọn, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí èmi tó tú u.

Ẹ gba ojú tó fọ́ padà. Bó bá jẹ́ gíláàsì òkè nìkan ló sán lára OLED ojúlówó, owó ṣì wà lára rẹ̀: àwọn tó ń tún gíláàsì ṣe máa ń rà á lọ́wọ́ wa. Àwọn oníbàárà tó máa ń sọ pé "ẹ bá mi dà á nù" ti bọ́ ọmọ mi rí. Lórí iPhone X títí dé 12 sì rèé, ohun tín-ín-rín kan wà lára ojú àtijọ́, níbi tí ẹ ti ń gbọ́ ohùn ìpè, tó gbọ́dọ̀ wá sórí tuntun. Bó bá já tàbí tó sọnù, Face ID, tí fóònù fi ń dá ojú yín mọ̀ kó tó ṣí, lọ nìyẹn, ojú fóònù olówó gọbọi kankan ò lè dá a padà.

Bí owó ojú fóònù bá sì ti ju ìdajì iye tí ẹ lè ta fóònù náà lọ, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Tèmi tí mo fi ń kọ èyí sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, téèpù ni mo fi mú un. Àwọn oníbàárà ń rí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ iye tí wọ́n ń tà á, ìdí nìyẹn.

Bí ó bá di ti Iléyá tó ń bọ̀, ẹ gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí n lè ráyè rán ọmọ lọ sí Ìkẹjà. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba gan-an, ṣọ́ọ̀bù mi máa tì. Èmi náà ní ẹgbẹ́, a sì ti dá aṣọ.