Rédíò àti sípíkà mọ́tò: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é n'Ìkòròdú láì jẹ gbèsè

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa bí àwọn tó ń ta rédíò Android nínú: tówó ò bá pọ̀ lọ́wọ́, ẹ fi rédíò sílẹ̀ ná, sípíkà iwájú méjèèjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Corolla àti Camry tọ́kùnbọ̀ tó kún Sábó àti Agric yìí, bébà ni sípíkà inú ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ nínú wọn, ooru àti ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́, etí ẹ̀ ti ya, kò wá sí rédíò tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọn tí kò ní máa dún gbàràgbàrà. Tó bá jẹ́ Bluetooth nìkan lẹ ń wá, tí rédíò tó wà ńlẹ̀ sì ní ojú AUX (ihò tí wọ́n ń ki wáyà fóònù bọ̀), ẹ ra Bluetooth kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú AUX yẹn, ó parí.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ pààrọ̀ rédíò, ìwọ̀n ni kó kọ́kọ́ wò. Ihò rédíò Toyota fẹ̀ tó 200mm, ó ga tó 100mm, àmọ́ double DIN (rédíò gíga tó tó méjì kékeré) tí wọ́n ṣe fún mọ́tò gbogbo ò ju bíi 178mm lọ ní fífẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí rédíò tí àlàfo wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀, tí wọ́n wá fi fóòmù dí i bí ẹní dí ihò eku. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé ti Toyota lẹ fẹ́, tàbí kẹ́ ẹ ra pánẹ́lì tó máa bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Honda Accord 2003 sí 2007, èyí tá à ń pè ní End of Discussion, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀: rédíò àti bọ́tìnnì AC jọ wà lójú kan náà ni, tẹ́ ẹ bá kàn yọ ọ́, AC ti bá a lọ nìyẹn. Ti sípíkà ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́, ẹ̀yin oní-Discussion. Camry tẹ́ ẹ bá sì rí JBL lára sípíkà ẹ̀, ó ní amp (ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn) tiẹ̀ lọ́tọ̀, rewáyà tí ò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á so rédíò tuntun tán, kò ní dún, á wá ní rédíò ló bàjẹ́.

Nípa Watt, ẹ má jẹ́ kí páálí tàn yín. Rédíò tí wọ́n kọ 50W x 4 sí, ohun tó ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan gan-an kì í sábà ju 15 sí 22W lọ, sípíkà tí wọ́n wá kọ 500W sí, íǹkì lásán ni. Sensitivity (bí sípíkà ṣe ń dún sókè tó lórí agbára kékeré) ni kẹ́ ẹ wò, tó bá tó 90dB sókè ẹ gbé e, torí tí sípíkà kan bá fi 3dB ju èkejì lọ, bíi kẹ́ ẹ sọ agbára rédíò yín di méjì ni, lọ́fẹ̀ẹ́. Kó sì jẹ́ 4 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná). Inch 6.5 ló pọ̀ nínú ilẹ̀kùn iwájú, àmọ́ ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ẹ má jù ú nù o! Ti Toyota, ìdí ẹ̀ àti sípíkà fúnra ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ẹ gé bébà àti mágínẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ fi ike tó kù ṣe ìjókòó fún tuntun, owó ìjókòó tí wọ́n ń tà lọ́jà ti dowó yín nìyẹn.

Rédíò, ẹ lọ Alaba. Sípíkà tọ́kùnbọ̀, Ládípọ̀ tàbí Owódé Onírin tó wà lójú ọ̀nà wa níbí. Ẹ fi ìka mẹ́rin ti bébà ẹ̀ sínú jẹ́jẹ́ níṣojú ọlọ́jà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ kó máa họ ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, kọ́ìlì ẹ̀ (wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀) ti jóná, ẹ dá a padà fún un.

Ibi tí wọ́n ti ń ba mọ́tò jẹ́ gan-an ni wáyà. Ẹ ra ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ẹ̀yìn rédíò mọ́tò yín mu dání, kò wọ́n, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún rewáyà kó tó mú páńsà jáde: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má gé e o, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ rèé." Á ní, "Àlàájì, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ẹ̀ là ń gé." Ẹ má gbà fún un. Tó bá ti gé e, rédíò àtijọ́ ò lè padà sípò mọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta mọ́tò lọ́la, ẹni tó fẹ́ rà á máa rí jágbajàgba yẹn.

Wáyà rédíò tuntun, yẹ́lò ni iná tí kì í kú, òun ló ń jẹ́ kó rántí nǹkan. Pupa ló ń gba iná nígbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ń lọ sára irin mọ́tò. Funfun ni sípíkà iwájú lósì, aláwọ̀ eérú ni iwájú lọ́tùn-ún, gíríìnì ẹ̀yìn lósì, pọ́pù (purple) ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ìkejì kọ̀ọ̀kan tó ní ìlà dúdú ni negative. Negative sípíkà ò gbọdọ̀ kan irin mọ́tò láé, ó lè jó rédíò. Àwọ̀ wáyà Toyota fúnra ẹ̀ ò rí báyìí o, ìdí mìíràn tẹ́ ẹ fi nílò ṣọ́kẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Ní ti yíyọ ẹ̀, ẹ fi sípánà 10 tú negative bátìrì kúrò (oní-Honda, ẹ rí i pé CODE (nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀) rédíò yín wà lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá ṣì máa lo tàtijọ́, ó máa bèèrè). Ẹ fi rúlà oníke ṣí pánẹ́lì dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe sukudireba lásán, ike tó ti gbó kì í pẹ́ kán. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin, 10 náà ni, rédíò á bọ́ síta. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò tẹ́ ẹ bá rí, ti airbag ni, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Nínú ilẹ̀kùn, ẹ máa rí ọ̀rá kan tí gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ mọ́ irin. Ọ̀pọ̀ rewáyà máa ń fà á ya ni. Omi òjò ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọnú ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kó dé inú mọ́tò, tó bá ya, òjò oṣù kẹfà á rọ tán, kápẹ́ẹ̀tì yín á máa rùn. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, gọ́ọ̀mù yẹn á tún lẹ̀ padà. Ẹ wa gíláàsì sílẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tó de sípíkà, kẹ́ ẹ rí i pé mágínẹ́ẹ̀tì ò kàn án. Ẹ fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí sípíkà ká, báàsì á jáde ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Tí ẹ ò bá mọ plus sípíkà, ẹ fi bátìrì rìmóòtù kan wáyà méjèèjì fìrí: tí bébà bá sún síta, ibi tí plus bátìrì kàn yẹn ni plus. Tẹ́ ẹ bá so ọ̀kan ní òdìkejì, báàsì á sá lọ, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ṣe é.

Ẹ má jẹ́ kí rewáyà ti pánẹ́lì padà kẹ́ ẹ tó gbọ́ sípíkà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ yí ohùn sósì, ẹ yí i sọ́tùn-ún, síwájú, sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wá to 107.5 Radio Lagos àti 92.9 Bond FM síbẹ̀, kẹ́ ẹ pa mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀ tí rédíò ti gbàgbé wọn, yẹ́lò àti pupa ti gba ipò ara wọn (ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an sí oní-Golf àti Passat), ẹ wà á padà lọ bá a, kó yí wọn padà, kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ kún un.