Bí a ṣe ń mú pákó kàńtà kíṣìnì tó ti wọ́ padà sípò

Tí pákó kàńtà bá wọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá ìṣó gígùn, wọ́n á kàn án mọ́lẹ̀. Nínú ìlú Ìbàdàn níbí, mo ti bá irú kàńtà bẹ́ẹ̀ pàdé ní Agbowó, mo bá a ní Mọ́lété, mo tún bá a ní Àpáta. Kò sí èyí tí ìṣó gbà sílẹ̀ nínú wọn. Igi tó ń wú á fa ìṣó yọ. Bí ìṣó bá sì le jù ú lọ, igi náà á là.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe kàńtà yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo etí ihò tí wọ́n gé fún ṣíǹkì. Bó bá jẹ́ MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù ṣe, inú rẹ̀ á dà bíi páálí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fún pọ̀, ẹ ò ní rí ìlà igi kankan níbẹ̀. MDF tó bá ti mumi tó wú, kò sí ohun tí yóò mú un fún padà. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi òmíràn sí i. Plywood tí awẹ́ rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára ara wọn náà, bákan náà ni. Pákó gidi ni a lè tọ́jú: ìrókò, àpá, màhógánì, kódà afárá. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún un. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ó ti rà, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà.

Bó bá jẹ́ pé fọ́míkà, awọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú pákó, nìkan ló ṣí tí pákó abẹ́ rẹ̀ ṣì tẹ́jú, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ tẹ́ aṣọ lé e, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù rìn lórí rẹ̀ títí gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ á fi rọ̀, kí ẹ wá gbé nǹkan wúwo lé e mọ́jú. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù tuntun lẹ fẹ́ fi, ẹ pa sítóòfù àti gáàsì, kí ẹ ṣí gbogbo wíńdò. Gọ́ọ̀mù fọ́míkà máa ń gbiná.

Omi ló ń mú pákó wọ́, ẹ wá orísun rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan pákó: abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, páìpù ìdọ̀tí, ògiri tó ń rin. Ẹ dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ṣíǹkì, kí ẹ tú kàńtà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Orí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Igi máa ń wú níbi tó bá ti mumi, ó sì máa ń sún kì níbi tó bá ti gbẹ. Ìbú rẹ̀ ni èyí ti ń hàn. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí náà, ojú tó yọ iké ni omi wà nínú rẹ̀ jù, ojú tó jìn ni ó gbẹ jù. Àwọn ènìyàn á gbé pákó sínú oòrùn, wọ́n á kọ ojú tó jìn sókè, torí pé wọ́n rò pé oòrùn á tọ́ ọ. Èyí tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ ni oòrùn tún ń gbẹ sí i. Mo rí kàńtà ìrókò kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún láàárọ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ lè gbé abọ́ ọbẹ̀ sínú kòtò rẹ̀. Igi tó dára ni. Ó dùn mí.

Ojú tó jìn ni kí ẹ fún lómi. Bí fáníìṣì bá wà níbẹ̀, ẹ há a kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi ò ní wọlé. Ẹ rẹ àpò kókó tàbí aṣọ ìnura àtijọ́ sómi, kí ẹ fún un dáadáa, kó má máa kán tótó, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì fàráńdà tó tẹ́jú. Ẹ da ojú tó jìn bo orí rẹ̀, kí iké kọjú sí atẹ́gùn. Abẹ́ òrùlé ni o, kì í ṣe oòrùn ọ̀sán. Ní ọjọ́ kejì, ẹ to igi mẹ́ta sí ìbú lórí rẹ̀, kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 lé e. Kẹ́ẹ̀gì kan tó kún wúwo tó kílò 25, ó sì sàn ju búlọ́ọ̀kù lọ, torí ẹ lè dín omi inú rẹ̀ kù.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ bẹ àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù kí wọ́n fún yín ní àjákù tó gùn tó mítà kan, kó tọ́ gbọnrangandan. Ẹ gbé e dábùú pákó. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀ kò tíì tẹ́jú. Èmi kì í dúró níbi tó bá ti tẹ́jú gan-an, mo máa ń jẹ́ kó kọjá díẹ̀ sí òdìkejì, torí á fà padà.

Bó bá jẹ́ pé igun kan ló gbé sókè, tí igun tó dojú kọ ọ́ ní ìdàkejì náà sì gbé sókè, ó lọ́ nìyẹn. Àpò tútù kò lè mú un tọ́. Ẹ là á sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ rẹ́ ẹ kí ẹ tún un lẹ̀ pọ̀.

Nígbà tó bá tẹ́jú tán, ẹ yọ àpò kúrò. Ẹ gbé pákó lé igi pẹlẹbẹ tí wọ́n dọ́gba, kí atẹ́gùn máa gba òkè gba ìsàlẹ̀, kí kẹ́ẹ̀gì ṣì wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni èmi máa ń fún un, nígbà òjò mo máa ń jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó ń kánjú á ti kùn ún ní ọjọ́ kẹta. Fáníìṣì á há omi mọ́ inú igi, á sì tún wọ́.

Ìdí tí kàńtà Ìbàdàn fi ń wọ́ jù lọ ni pé káfíńtà á kun òkè lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á fi abẹ́ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Nígbà òjò, abẹ́ á mumi, etí pákó á gbé sókè. Tí ọyẹ́ bá dé, abẹ́ á gbẹ kíákíá, àárín á yọ iké. Ẹ kun abẹ́ kí ẹ tó kan òkè rárá, kí iye ìgbà tí ẹ kùn wọ́n sì dọ́gba. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni kí ẹ kun etí ihò ṣíǹkì àti orí pákó níbi tí wọ́n ti gé e, torí ibẹ̀ ló ń mu omi jù. Fáníìṣì ìlẹ̀kùn ìta ni kí ẹ rà.

Bí ẹ bá ní láti ra pákó tuntun lọ́jà pákó, wọ́n á sọ fún yín pé, “Bọ̀dá, ó ti gbẹ.” Ẹ ní kí wọ́n gé àjákù kékeré kan fún yín lára rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran, ẹ gbé e sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un wọ̀n. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá já wálẹ̀ gan-an, pákó tútù ni.

Láti dè é padà, sukúrù láti abẹ́ ni, kì í ṣe ìṣó láti òkè. Ẹ de ti iwájú le. Ti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí ihò inú igi kọ́bọ́ọ̀dù fẹ̀ ju sukúrù lọ, kí ẹ fi wáṣà sí i, kí pákó lè ráyè wú kó sì sún kì. Ẹ fi àyè mílímítà 3 sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kí ẹ fi sílíkóònù dí i, kí ẹ sì fà á yí etí ṣíǹkì ká kí ẹ tó gbé e sínú ihò rẹ̀.

Sílíkóònù fẹ́ odindi ọjọ́ kan kí omi tó kàn án. Ẹ máa fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé títí di alẹ́ ọjọ́ kejì.